Ẹja Díndín Nítorí Ìwé Ọkọ̀

Omi ni Letha kọ́kọ́ tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Ó gbé agbọ̀n aṣọ jáde láti ilé ìdáná, ó ń lọ sá a sórí okùn, nítorí ọkọ rẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ mọ́. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé sìmẹ́ńtì abẹ́ òrùlé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, omi tútù bò ó lẹ́sẹ̀. Abẹ́ fíríísà ńlá tó wà lẹ́bàá ògiri ni omi náà ti ń yọ́ bọ̀, ó ti gba abẹ́ táyà kọjá, ó ti dé ìdí òdòdó ìyá ọkọ rẹ̀. Ó fojú tọ wáyà fíríísà lọ. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú iná, wọ́n ká a rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ká wáyà báyẹn nínú ilé náà.

"Cleon Maddox! Jáde síbí!"

Cleon jáde pẹ̀lú ife kọfí tí kò ní ṣúgà lọ́wọ́. Ṣúgà wà lára ohun tó ti gé. Láti bí ọ̀sẹ̀ méje ni ọkùnrin náà ti ń gé nǹkan nínú ilé. Ó pa ẹ̀rọ amúlétutù nínú oṣù Keje ní Alabama, níbi tí ooru ti ń bá èèyàn sùn lórí ibùsùn kan náà. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó yọ gílóòbù kan nínú méjì-méjì, ó bu omi la ọṣẹ ìfọbọ́ títí ọṣẹ fi gbàgbé pé ọṣẹ ni òun. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù nínú ohun tó gé, inú agolo kọfí kan tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kó o sí. Ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé ogójì ló ti wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ lásán ló fi kó o jọ.

"Kí lò ń pariwo fún? Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù."

"Ta ló yọ fíríísà yìí nínú iná?"

"Èmi ni. Láti alẹ́ Ọjọ́rú." Ó tilẹ̀ fi àyà sọ ọ́. "Ṣé o mọ iye tí nǹkan yìí ń jẹ lóṣù? Ẹran àgbọ̀nrín inú rẹ̀ la ti jẹ tán láti Ọjọ́ Àjíǹde. Yìnyín là ń sanwó iná fún, Letha. Yìnyín!"

Letha sọ agbọ̀n aṣọ kalẹ̀, ó ṣí ìdérí fíríísà, ó sì sún sẹ́yìn kí ọkọ rẹ̀ lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Àpò ẹja àrọ̀ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ẹran ẹja funfun tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele, omi sì ti ń dà lára wọn.

Cleon gbé ife rẹ̀ sórí fèrèsé. "Ẹja ta nìyẹn?"

"Ẹja mi. Gbogbo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ẹja wa bá sanwó ni mò ń ra àpò kan ní iye tí wọ́n ń tà á fún òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ dín in, kí n fi ta oúnjẹ ní abọ́-abọ́ lóṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ará Detroit àti Chicago bá wálé sí àpèjọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"O fẹ́ ta abọ́. Lẹ́yìn tí mo ti ní mi ò fẹ́ kí a ta oúnjẹ fún ará àdúgbò."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí o sọ."

"O wá ń fi ẹja pamọ́ fún mi nínú ilé mi!"

"Ìwọ náà ń fi iná pamọ́ fún mi! Cleon, gígé náà ti tó. Ohun tó kù fún ẹ láti gé nínú ilé yìí ò ju etí wa lọ. Owó tí kò wọlé, ibo lo ti fẹ́ rí i gé?"

"Ìkòkò tó ń jò, bí o bá da odò kan sínú rẹ̀, ṣé á kún?"

"Ìkòkò tí wọ́n dí dáadáa tí ẹnikẹ́ni ò pọnmi sí ńkọ́? Òun ló máa kún?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jà láti ọ̀sẹ̀ méje, gbólóhùn kan náà, ojú kan náà. Kì í sì í ṣe ìjà wọn. Ìjà ọ́fíìsì ayánilówó kan tó wà lẹ́bàá òpópónà ni, tí ó ní iná aláwọ̀ ewé lójú fèrèsé, tí àwọn èèyàn ń wọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onísìnkú. Ìwé ọkọ̀ akẹ́rù Cleon wà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀fà dọ́là ni wọ́n yá a, ìwé ọkọ̀ ni wọ́n sì gbà dógò. Oṣooṣù ló ń san ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, oṣooṣù ni wọ́n ń pè é ní èlé, ẹgbẹ̀fà náà ò sì kúrò níbi tó jókòó sí. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi san án. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣírò, ẹ ṣírò ó: ó ti san ju ìlọ́po méjì owó tó yá, ó sì tún jẹ gbogbo rẹ̀. Agbọ̀n ni wọ́n gbé fún un pé kó fi pọnmi. Òfin sì fọwọ́ sí i. Olè tí òfin bá ń bá a gbé àkàbà, kí ló kù tí a fẹ́ sọ?

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò rí san. Lẹ́tà dé. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ó mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dọ́là wá, ojú owó àti èlé lápapọ̀, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún rèé. Ilé ìlagi tí Cleon ti ń ṣiṣẹ́ jìn tó ogójì máìlì, ilé-iṣẹ́ ẹja tí Letha wà sì wà lọ́nà ibẹ̀, kò sì sí bọ́ọ̀sì kankan tó ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ náà lọ ti mú iṣẹ́ méjì lọ.

"Mò ń lọ bẹ ọ̀gá mi lónìí," ni Cleon wí. "Kó fún mi ní owó oṣù tó ń bọ̀."

"Èyí tó ti gé ọjọ́ iṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin ni ó fẹ́ fún ẹ ní owó ọjọ́ tí o ò tíì ṣe?"

Ẹnì kan wú ikọ́ lẹ́yìn wọn. Miss Ozella ni, ìyá Cleon, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ti wọ aṣọ, ó ti fi lọ́fíńdà sí ọrùn, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ bóyá ó ń jáde tàbí kò jáde. Ó wo omi, ó wo wáyà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ló wí. "Ẹ̀yin ẹ máa jà lọ. Ẹja ò ní dúró dè yín."

Letha ki ọwọ́ sáàárín àwọn àpò náà. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé ẹja, kò sì sí ọ̀bẹ ọkùnrin kan tó lè bá ọ̀bẹ rẹ̀ sáré. Ó tẹ ẹja kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ òmíràn. Yìnyín ṣì wà láàárín. Ó ṣì dára, ó tutù dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa dá a padà sínú fíríísà mọ́ tí kò ní kẹ́gàn ara rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

"Mi ò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Òní ni màá dín in," ni Letha wí. "Gbogbo rẹ̀. Abọ́ mẹ́fà-mẹ́fà ló wà nínú àpò kan. Dọ́là méjìlá ni abọ́ kan. Bí mo bá ta márùndínlọ́gọ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là nìyẹn. Tìẹ wá ńkọ́, tó wà nínú agolo?"

Cleon fi ìka ṣírò owó méjèèjì pọ̀. Ó mọ iye tó wà nínú agolo náà ju ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ.

"Yóò pé," ló wí, pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Yóò pé, ogójì á sì ṣẹ́ kù. Fún mi ní ogójì yẹn. Mo ní òróró àti ìyẹ̀fun àgbàdo. Mi ò ní kábéèjì, mi ò ní búrẹ́dì, mi ò ní sùpàgẹ́tì, mi ò sì ní ike tí màá bu oúnjẹ sí."

Bí ẹ bá rí bí ọkùnrin náà ṣe sọ agolo kalẹ̀! Ó ka ogójì dọ́là sórí tábìlì ní ẹyọ-ẹyọ, ó tún un kà, ó wá tì í sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ti wà ní ọ̀fun rẹ̀ láti àárọ̀.

"Ó dáa, tà á. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kọ ọ́ pé nítorí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni."

"Rárá o."

"Letha, ikú yá ju ẹ̀sín."

"Irọ́ ni mi ò ní fi orúkọ Ọlọ́run pa. Ruby Nell tó jẹ́ olórí àwọn tó ń fún èèyàn láyè ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé òdìkejì títì. Ṣé ojú rẹ̀ ti fọ́ ni?"

Títa abọ́ kì í ṣe ìtìjú láàárín wọn o. Bí ilé ẹnì kan bá jó, wọn á ta abọ́. Bí òkú bá kú tí owó pósí ò pé, wọn á dín ẹja, wọn á dín adìyẹ, ọjọ́ kejì òkú á wọlẹ̀ pẹ̀lú iyì. Ṣùgbọ́n àṣà ni pé ẹni tó bá ń ta á gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ń torí rẹ̀ tà á sí gbangba, kí ẹni tó ń rà á lè mọ ẹni tí òun ń ràn lọ́wọ́. Cleon ti ra abọ́ fún ìsìnkú àìmọye èèyàn. Ó ti gbé tábìlì, ó ti ru gáàsì. Kí ẹlòmíràn wá ra abọ́ nítorí tirẹ̀, ìyẹn ni kò lè gbé mì. Ó wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó wà lójú kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbẹ̀.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, òróró ti ń hó nínú agbada ńlá lórí gáàsì níwájú ilé. Letha fi iyọ̀, ata àti ìyẹ̀fun àgbàdo ra ẹja, ó ń jù ú sínú òróró, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò láì bi ẹnikẹ́ni. Miss Ozella jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú fìlà ọjọ́ Àìkú rẹ̀ lórí, ó gbé àpò owó sórí itan. Wọ́n gbé pátákó kan síbi títì. Ohun tí Letha kọ sára rẹ̀ kò ju ABỌ́ ẸJA, DỌ́LÀ MÉJÌLÁ lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo, nítorí kò fẹ́ parọ́, kò sì fẹ́ tú àṣírí ọkọ rẹ̀.

Mọ́tò ń dé, wọ́n ń dẹsẹ̀, wọ́n ń ka pátákó, wọ́n ń kọjá lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń juwọ́. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá ààbọ̀, abọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n tà, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àlejò tó ṣìnà.

Ruby Nell ló kọ́kọ́ sọdá títì. Ó wọ bàtà ilé, ó di irun sínú ọ̀rá, ojú rẹ̀ ti ka ohun gbogbo kí ẹnu rẹ̀ tó kí wọn.

"Letha, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Miss Ruby."

"Ilé ta ló jó?"

"Ilé ẹnikẹ́ni ò jó."

"Hẹn-ẹ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì sì kọ́, torí èmi ni mo mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó bojú wo Cleon tó jókòó sínú ọkọ̀. "Mo kàn ń béèrè ni o. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù? Wọ́n ní kò sí ohun tí obìnrin náà kọ sára pátákó. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ẹjọ́ ni. Bu méjì fún mi, Letha, màá san án ní ọjọ́ kẹta oṣù, tí owó mi bá dé."

"Owó ọwọ́ ni lónìí, Miss Ruby. Ẹ má bínú."

"Èmi? Owó ọwọ́?" Ruby Nell fi ọwọ́ lé àyà, ó yí padà, bàtà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Kò pẹ́ tó lọ tí Díákónì Purnell fi dé, tó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, tó di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn. Ó gun ọ̀nà ilé wá jẹ́jẹ́, ó ń mi orí.

"Letha, ọmọ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Olúwa fún ni, Olúwa sì gbà lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí nípa Sister Ozella ni."

"Nípa ta?" ni ohùn kan bèèrè nídìí tábìlì.

Díákónì gbé ojú sókè. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Èmi rèé, Purnell," ni Miss Ozella wí. "Mo ti kú. Abọ́ mélòó ni kí n bù fún ẹ?"

Ó yẹ kí Letha rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò lè rín in. Nínú ọkọ̀, Cleon náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ó ti gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀ ní òkú, tí wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ẹlẹ́jọ́. Ó wo Letha: òógùn ti mú kí aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, òróró ti ta sí i lápá, ó sì ń yí ẹja padà láì gbójú sókè, pẹ̀lú ọrùn tó nà ṣánṣán. Àwo ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún fún ẹja tó ti jinná tí kò sí ẹni tó rà á. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún. Cleon bọ́ sílẹ̀, ó mú gègé dúdú ńlá lórí tábìlì, ó rìn lọ síbi títì. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀ ba sára pátákó. Letha rí èjìká rẹ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ohun tó wà lára pátákó ni pé: KÍ ÌWÉ ỌKỌ̀ CLEON MADDOX LÈ KÚRÒ NÍNÚ DÓGÒ.

Orúkọ rẹ̀ ló kọ tó tóbi jù.

Díákónì Purnell rìn lọ síbi títì, ó ka pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà wá. Ó yọ ogún dọ́là méjì, ó fi lé Miss Ozella lọ́wọ́. "Ẹ fún mi ní mẹ́ta, kí ẹ dá ṣéńjì padà," ló wí. Ó wá tẹ̀ sún mọ́ Cleon, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Letha gbọ́ ọ. "Tèmi ti wà níbẹ̀ láti Kérésìmesì. Ìyàwó mi ò mọ̀."

Cleon mi orí. Ó di ọwọ́ Díákónì mú, kò sì tètè jù ú sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mọ́tò ti ń dúró. Àwọn tó ti kọjá lọ padà wá. Wọ́n ń ka pátákó, wọ́n ń yọ owó. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, púpọ̀ nínú wọn ló ti rí i lájà ilé tiwọn, tí wọn ò sì jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ra mẹ́rin, ó ní ilé òun ò ju ẹni méjì lọ. Ọkùnrin kan tí Letha ò mọ̀ rí bèèrè pé, "Ọ́fíìsì tó ní iná aláwọ̀ ewé yẹn ni?" Nígbà tí Letha ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tu itọ́ sínú koríko kó tó gba oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọ̀sán, Cleon kó ogún abọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìlagi kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde fún ìsinmi. Nígbà tó padà, ogún ti tán.

"O rí ọ̀gá ẹ?" ni Letha bi í.

"Mo rí i."

"O bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹja ni mo tà fún un." Cleon fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní kí n dín dọ́là méjì. Mo ní ìyàwó mi ò ní kí n dín nǹkan kan. Ó san án."

Letha yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà rí i bí òun ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni Cleon di àpọ́nùn mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu sùpàgẹ́tì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bó ṣe ń bù ú! Ṣíbí kan géérégé, kò lé, kò dín, ó ń fi ọ̀bẹ ge orí rẹ̀ dọ́gba. Letha kọ́kọ́ fẹ́ bú u. Ó wá wo inú ìkòkò, ó rí i pé bí kì í bá ṣe ọwọ́ híhá ọkùnrin yìí, sùpàgẹ́tì ì bá ti tán ní abọ́ ogójì. Ó fún un ní ṣíbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní aago mẹ́rin, Miss Ozella ka owó lẹ́ẹ̀mejì ní ohùn tó dé òdìkejì títì. Abọ́ méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n ti tà. Ó ku méje kí owó tó pé. Títì ti dá, oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Ọ̀nà àtidé ọ́fíìsì tó ogún ìṣẹ́jú, Cleon sì ti ń fi kọ́kọ́rọ́ gbá itan rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn Letha ni pé dọ́là mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni yóò jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ lọ níwájú gbogbo ẹni tó ti ka pátákó yẹn.

Ilẹ̀kùn òdìkejì títì ṣí. Ruby Nell jáde, ó ti wọ bàtà gidi, ó ti tú irun.

"Méje," ló wí kó tó dé.

Letha rò pé ó tún fẹ́ rà á ní àwìn ni. Ó ti ń la ẹnu.

"Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo gbọ́ ohun tí o sọ láàárọ̀." Ruby Nell ti ọwọ́ bọ àyà aṣọ rẹ̀, ó yọ owó tó ká wínniwínni, ó gbóná láti ara rẹ̀. "Ẹgbẹ́ mi ń ṣe ìpàdé nílé mi lálẹ́ òní, mi ò sì lè dáná nínú ooru yìí. Kì í ṣe nítorí yín o. Ozella, kà á dáadáa, ẹni tó ti kú lè ṣi owó kà."

"Ó pé, Ruby Nell," ni Miss Ozella wí. "Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà."

"Ẹ má pariwo mi," ni Ruby Nell wí, ó sì gbé abọ́ méje rẹ̀ lọ. Mẹ́ta tó ṣẹ́ kù, Miss Ozella fi ọwọ́ bò ó. Oúnjẹ alẹ́ wọn nìyẹn.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìlá nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì náà. Ibẹ̀ tutù nini, kò sí ẹni tó ń gé amúlétutù níbẹ̀. Èèyàn mẹ́rin jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ògiri, olúkúlùkù ń wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Òórùn ẹja bá Letha wọlé, kò sì tijú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà so káàdì mọ́ àyà, Brandi ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Cleon kó gbogbo owó náà síwájú rẹ̀: owó Letha tí òróró ti kàn, àti owó agolo, ẹyọ dọ́là kọ̀ọ̀kan tó dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí wọ́n fi rọ́bà dè.

"Ọ̀gbẹ́ni Maddox," ni Brandi wí, ó rẹ́rìn-ín sí i, "kò di dandan kí ẹ san gbogbo èyí. Ẹ san ọ̀ọ́dúnrún péré. Ẹ mú ìyókù lọ sílé, a ó bá yín sún ọjọ́ síwájú."

"Lẹ́tà yín ní gbogbo rẹ̀, tàbí ọkọ̀," ni Letha wí.

"Lẹ́tà yẹn? Gbogbo èèyàn la máa ń kọ ọ́ sí, mà."

Inú bí Letha débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí owó náà. Ó mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń rò. Ẹgbẹ̀fà dọ́là nínú ilé, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń mu kọfí láìsí ṣúgà fún ọ̀sẹ̀ méje: owó iná, táyà méjì, oògùn ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ ni irú ọ̀rọ̀ Brandi máa ń dùn mọ́ jù. Aago ara ògiri ń dún. Cleon ti owó náà kọjá káńtà, gbogbo rẹ̀, títí ó fi kan ìka ọmọbìnrin náà.

"Kà á," ló wí.

Brandi kà á. Ó pé. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó tì í, ó ṣí òmíràn. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó gbé fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan wà níbí tó fẹ́ san án tán... Rárá, kì í ṣe èlé. Tán pátápátá... Mo mọ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti wà níbí, mi ò tíì ṣe é rí. Ìwé wo ni mo máa fún un?"

Àwọn mẹ́rin tó wà lórí àga gbé orí sókè. Ọmọbìnrin náà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un lórí fóònù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ akẹ́rù náà nínú ike tó mọ́ tónítóní. Cleon kà á, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fi lé Letha lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe yí padà, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ìdọ̀tí ilé ìlagi ṣì wà lára bàtà rẹ̀, na ọwọ́ díẹ̀ láti dá wọn dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Letha dúró kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ó lè sọ nípa gílóòbù, nípa ṣúgà, nípa agolo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Cleon na ẹ̀yìn rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó sì sọ ọ́ ní ohùn tó fi ń kígbe borí ẹ̀rọ ìlagi, tí ọmọbìnrin ẹ̀yìn káńtà náà gbọ́.

"Ìyàwó mi ló dín ẹja."